Òṣùwọ̀n Ta Ni A Fi Ń Wọn Koliko? Lámèyítọ́ lórí Iṣu Díndín Ẹ̀bá Ọ̀nà ní Atakpamé

Ìwé ìbéèrè olójú-ewé kan ti ń kiri láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ adùn. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́kọ́ kọ ọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ohun mẹ́rin ni ó ń béèrè nípa oúnjẹ díndín yòówù tí ó bá wà níwájú ẹni: ṣé ó croustillant, ṣé ó doré, ṣé ó salé bó ṣe yẹ, ṣé ó régulier. Ẹni tí ń jẹ ẹ́ yóò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti oókan dé márùn-ún, wọn yóò ro ó pọ̀, ìdájọ́ parí. Ẹni tí ó bá ti ka ohun tí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń kọ nípa pòtétò díndín ilé oúnjẹ burger yóò mọ ibi tí ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wá. Wọ́n bá pòtétò náà mu. Iṣẹ́ mi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti sọ ìdí tí wọn kò fi bá koliko mu, àti láti fi hàn pé ìtumọ̀ Yorùbá tí a fún wọn tún ba ọ̀ràn náà jẹ́ sí i. Koliko ni orúkọ tí wọ́n ń pe iṣu díndín tí a gé ní gbọọrọgbọọrọ ní Tógò àti láàárín àwọn Ewe ní Gánà. Àwọn ará Nàìjíríà yóò pè é ní dùndú.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré inú kíláàsì. Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ìlú náà, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, fẹ́ dín iye àwọn tí ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kù, wọ́n sì ní kí a fún àwọn ní èsì ìwé ìbéèrè wa kí àwọn lè fi yàn. Nínú èsì náà, pòtétò inú yìnyín tí ilé oúnjẹ kan ń dín borí koliko àwọn obìnrin ẹ̀bá ọ̀nà, kò sì borí ní kékeré. Bí èsì yẹn bá dúró bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ti ń dín iṣu níbẹ̀ láti ìgbà tí àwọn òbí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí fúnra wọn wà ní kíláàsì yóò kó agbada rẹ̀ kúrò. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan tilẹ̀ ti sọ ọ́ nínú ìpàdé ẹ̀ka pé ó yẹ kí wọ́n kọ́ àwọn obìnrin náà ní bí a ṣe ń dín nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí a wà fún àwọn tí kò tíì dé ibẹ̀ rí. Atakpamé jẹ́ ìlú orí òkè, nǹkan bí 160 kìlómítà sí àríwá Lomé, lójú ọ̀nà N1 tí ó ń lọ sí Sokodé. Òun ni olú-ìlú ẹkùn Plateaux. Àwọn Ifɛ̀, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní Ana, wà lára àwọn tí ó ti pẹ́ níbẹ̀, èdè wọn sì jẹ́ ìbátan tímọ́tímọ́ fún Yorùbá. Wọ́n ń kọ ɛ àti ɔ níbi tí àwa ń kọ ẹ àti ọ, kp níbi tí àwa ń kọ p, ohun tí àwa sì ń pè ní ṣ sábà máa ń jẹ́ ts lẹ́nu wọn. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ọdún iṣu tuntun wọn ń jẹ́ Odon-Tsu kò nílò ògbufọ̀. Ṣùgbọ́n Ewe àti Faransé ni ó gba ọjà kan, Akposso àti Kabiyè náà sì wà níbẹ̀. Lórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, mo ti gbọ́ èdè mẹ́rin kí iṣu tó jinná. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé iṣu tútù ń jẹ́ orúkọ Ifɛ̀ rẹ̀ lẹ́nu obìnrin kan náà tí yóò pè é ní koliko bí ó bá ti kan òróró. Orúkọ Ewe ni koliko. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ràn láti sọ pé ìró iṣu lábẹ́ eyín ni ó di orúkọ, ko-li-ko. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fi ẹ̀rí kankan tì í lẹ́yìn níwájú mi, n kò sì ní gbà á wọlé síbí.

Ohun tí wọ́n ṣe òṣùwọ̀n náà fún

Kò yẹ kí a fi ojú kékeré wo pòtétò ilé burger. Iṣẹ́ ńlá ni. Láàárín ọdún 1940 sí 1949 ni ilé-iṣẹ́ J. R. Simplot ní Idaho, ní Amẹ́ríkà, rí ọ̀nà tí a fi lè dín pòtétò díẹ̀, kí a sọ ọ́ di yìnyín, kí a sì tún un dín níbòmíràn lọ́jọ́ mìíràn kí ó ṣì ṣe é jẹ. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1960, McDonald's bẹ̀rẹ̀ sí í gba irú pòtétò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ Simplot dípò èyí tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń bó tí ó ń gé ní ilé ìdáná. Russet Burbank ni wọ́n gbára lé jù, nítorí ó gùn, sítáàṣì rẹ̀ sì pọ̀. Nínú ilé-iṣẹ́ irú èyí, omi alágbára ni wọ́n fi ń ta pòtétò gba àárín ọ̀bẹ kọjá, gbogbo rẹ̀ á sì jáde ní ìwọ̀n kan náà. Títí di 1990, ọ̀rá màlúù ló pọ̀ jù nínú ohun tí McDonald's fi ń dín in ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n yí sí òróró tí kì í ṣe ti ẹran, wọ́n ṣì ń fi èròjà kan tí ó ti ara màlúù wá sí i kí adùn àtijọ́ má baà sọnù; àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù àti àwọn tí kì í jẹ ẹran pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 2001, ilé-iṣẹ́ náà sì gbà ní 2002 láti san mílíọ̀nù 10 dọ́là, ó tọrọ àforíjì pẹ̀lú.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà. Pòtétò tútù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Dídín ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ń mú kí ara rẹ̀ gbẹ kí inú rẹ̀ sì rọ̀, ìyẹn ni croustillant. Doré ni àwọ̀ tí iná ń mú jáde nígbà tí ṣúgà àti àwọn èròjà purotéènì inú rẹ̀ bá pàdé, ohun tí Louis-Camille Maillard, ará Faransé, ṣàlàyé ní 1912. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń ṣọ́ ṣúgà yẹn bí ẹni ń ṣọ́ owó, nítorí pòtétò tí ó bá pẹ́ jù nínú òtútù yóò di aládùn, yóò sì dúdú nínú òróró. Régulier, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni. Òṣùwọ̀n náà kò ṣèké: ó ń béèrè lọ́wọ́ pòtétò bóyá ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ẹni tí ó bá sì jẹ ẹ́ ní gbígbóná fẹlifẹli, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ó jáde nínú òróró, yóò jẹ́rìí pé ẹ̀rọ ṣe é. Mo máa ń gbádùn rẹ̀. N kò ní purọ́.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni ohun tí òṣùwọ̀n ń ṣe nígbà tí ó bá kúrò nílé. Ní January 2022, KFC ní Kẹ́ńyà kò rí pòtétò dín mọ́ nítorí pé èyí tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun pẹ́ lọ́nà. Àwọn àgbẹ̀ Kẹ́ńyà ń gbin pòtétò, kò sì wọ́n lọ́jà, ṣùgbọ́n kò sí lára èyí tí ilé-iṣẹ́ náà ti fọwọ́ sí. Ariwo ta gan-an, títí tí ilé-iṣẹ́ náà fi sọ pé àwọn yóò wá ọ̀nà láti máa rà lọ́wọ́ àwọn ará ilé. Àgbẹ̀ kò tíì gbọ́ ìbéèrè, wọ́n ti fún un ní òdo. Irú òdo bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìbéèrè wa fẹ́ fún iṣu tí ó ti Anié wá.

Iṣu kì í ṣe pòtétò

Laboko ni àwọn tí ń dín koliko ní Atakpamé máa ń fẹ́ bí ó bá wà lọ́jà, iṣu funfun tí ó máa ń yá wá, tí àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ náà fẹ́ràn fún iyán. Omi inú iṣu kéré sí ti pòtétò, nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ni. Sítáàṣì rẹ̀ pọ̀, ṣúgà rẹ̀ kò tó nǹkan. Ohun tí èyí túmọ̀ sí nínú agbada ni pé iṣu tuntun kì í di doré, bí ó ti wù kí ẹni tí ń dín in mọ̀ ọ́n ṣe tó. Funfun ni yóò wà, etí rẹ̀ nìkan ni yóò pọ́n díẹ̀. Koliko tí ó bá pupa rúsúrúsú yípo, mo máa ń fura sí i. Ó lè jẹ́ pé iṣu náà ti pẹ́ nínú abà, ó ti ń hù, sítáàṣì rẹ̀ ti ń di ṣúgà. Ó sì lè jẹ́ pé òróró náà ti ń ṣiṣẹ́ láti àná. Nítorí náà, nínú ìwé ìbéèrè wa, òróró tí ó ti gbó ni ó ń gba máàkì márùn-ún, iṣu tuntun ni ó ń gba méjì.

Mo bi ìyá kan tí ń dín koliko ní Agbonou léèrè nípa àwọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mi lọ ti túmọ̀ doré sí “aláwọ̀ wúrà”, ó sì ka ìbéèrè náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: “Ìyá, ṣé koliko yín ní àwọ̀ wúrà?” Ìyá wò ó lókè wò ó nílẹ̀, ó ní: “Ọmọ mi, bí mo bá ní wúrà, ṣé ìdí agbada lẹ máa ti bá mi?” Nígbà tí a rẹ́rìn-ín tán, ó fúnra rẹ̀ sọ ohun tí òun fi ń mọ̀ pé ó jinná. Ó ní yóò léfòó, òróró á sì dákẹ́. Ó dá mi lójú pé òótọ́ ni ó sọ, nítorí ariwo tí òróró ń pa jẹ́ ti omi tí ń jáde lára iṣu. Bí omi bá tán lára rẹ̀, ohùn òróró á wálẹ̀. Kì í wo àwọ̀ rárá. Etí ni ó fi ń dín in, ó sì ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ lọ ní èdè méjì bí ó ti ń tẹ́tí.

Ní ti gígé, bí pòtétò bá ṣe gùn tó ni ẹ̀rọ lè gé e gùn mọ. Iṣu tóbi, ọ̀bẹ ni ó ń pinnu. Ìyá Agbonou máa ń gé tirẹ̀ kí orí kan tín-ín-rín ju èkejì lọ. Èmi kò gbà pé àìmọ̀ọ́ṣe ni, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe sí gbogbo rẹ̀ láti àárọ̀ títí tí iṣu fi tán. Orí tín-ín-rín gbẹ, ó ń dún lábẹ́ eyín. Orí kejì rọ̀, òun ni a fi ń kó ata. Ẹni tí ó bá fún un ní oókan lórí régulier ti fi ìyà jẹ ẹ́ nítorí ohun tí ó mọ̀ jù.

Ní ti iyọ̀, kò sí ìjà. Wọ́n ń rẹ iṣu sínú omi iyọ̀ kí wọ́n tó dín in, ìyẹn sì tó.

Dùn, dún, gbẹ

Ẹ̀ka wa gan-an ni apá yìí kàn. Olùtumọ̀ ìwé ìbéèrè náà ronú dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó rí i pé croustillant jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ ìró, ó sì yan ọ̀rọ̀-ìṣe dún: “Báwo ni ó ṣe dún tó?” Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tẹ̀ ẹ́, kò fi àmì ohùn sí i. Ohun tí ó wà lórí bébà ni Bawo ni o se dun to, kò sì sí Yorùbá kankan tí yóò rí ìyẹn nínú ìwé tí ó jẹ mọ́ oúnjẹ tí kò ní rò pé adùn ni wọ́n ń béèrè. Àwọn kan dáhùn lórí adùn. Àwọn kan tí akẹ́kọ̀ọ́ kà á sí létí dáhùn lórí ìró. Wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ sábẹ́ croustillant. A ti ń sọ ọ́ láti ìgbà Bámgbóṣé títí di òní pé àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Níbí, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè lórí sílébù kan ṣoṣo ni ó fẹ́ lé ènìyàn kúrò ní ìdí òwò rẹ̀.

Kódà bí àmì ohùn bá pé, ìṣòro kò tíì tán. Dùn fúnra rẹ̀ kò mọ sí ahọ́n. Ọbẹ̀ ń dùn, ìlù ń dùn, ọ̀rọ̀ ń dùn, ọgbẹ́ sì ń dun ẹni. A ń gbọ́ òórùn bí a ti ń gbọ́ ohùn. Ẹni tí ó ń sọ pé koliko yìí dùn lè máa yin ìró rẹ̀, òórùn rẹ̀ àti bí ó ṣe rí lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. N kò sọ pé Yorùbá kò lè ya wọ́n sọ́tọ̀, nítorí a ń yà wọ́n nígbà tí ó bá yẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìwé ìbéèrè tí ó fi dùn ya ohun kan ṣoṣo sọ́tọ̀ ti yan irinṣẹ́ tí kì í ṣe ti iṣẹ́ yẹn.

Nínú ẹ̀dà kejì, wọ́n yọ dún kúrò, wọ́n fi gbẹ sí i. Èyí ló burú jù. Nínú ìwé Faransé, “trop sec” wà ní ìsàlẹ̀ ìlà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oókan, gẹ́gẹ́ bí àléébù. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ ní tààrà. Ṣùgbọ́n nínú èdè wa, bí ènìyàn bá rán ọmọ ní dùndú, ohun tí yóò kì í nílọ̀ ni pé kí ó yan èyí tó gbẹ. Gbẹ jẹ́ ìyìn fún ohun díndín. Tútù ni ẹ̀sùn. Nítorí náà ẹni tí ó fẹ́ yin koliko, tí ó sì rí gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oókan, fi àmì sí oókan. Ẹni náà ń yìn ín. Bébà náà kọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀bi. Mo ka àwọn bébà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì rí ibi tí ènìyàn ti fún gbẹ ní oókan tí ó tún kọ sí ìsàlẹ̀ pé òun yóò padà wá rà á lọ́la.

Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan kì í dá ẹjọ́ oúnjẹ lẹ́nu wa. Ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé e, èyí tí ìró rẹ̀ ń gbé ìtumọ̀ yọ, tí àwọn onímọ̀ èdè ń pè ní ideophone láti ìgbà tí Doke ti fi orúkọ náà múlẹ̀ ní 1935, ni ó ń dá a. Ó rọ̀ kò tíì sọ nǹkan kan. Ó rọ̀ múlọ́múlọ́ jẹ́ ìyìn, ó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ jẹ́ ẹ̀bi, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà sì ni. Ó le lè jẹ́ ìkìlọ̀ fún ẹni tí eyín ń dùn; ó le koko ti kúrò ní oúnjẹ. Ó gbẹ táútáú jẹ́ ìyìn fún etí iṣu, ó sì jẹ́ àléébù bí ó bá dé àárín. Ìlà oókan sí márùn-ún gbà pé rírọ̀ wà ní òpin kan, líle ní òpin kejì, àti pé ibi tó dára wà níbì kan láàárín. Ṣùgbọ́n múlọ́múlọ́ àti jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ kò sí lórí ìlà kan náà rárá. Èkíní jẹ́ ti ohun tí inú rẹ̀ jinná. Èkejì jẹ́ ti ohun tí ó mu òróró yó. Àṣìṣe ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ilé ìdáná ni wọ́n ń tọ́ka sí, ẹni tí ń dín nǹkan sì lè fi èkejì tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Máàkì méjì nínú márùn-ún kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohun tí yóò ṣe.

Àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Westermann, tí ó mọ Tógò dáadáa ní ìgbà àwọn Jámánì, kọ nípa wọn nínú èdè Ewe; Yíwọlá Awóyalé kọ nípa ti Yorùbá. Èyí tí ó wúlò jù fún ọ̀ràn yìí ni iṣẹ́ Mark Dingemanse lórí Siwu, ní ẹkùn Oti ní Gánà (ara ẹkùn Volta ni tẹ́lẹ̀), tí ó bá Tógò pààlà. Ó fi ideophone lé àwọn tí ń sọ èdè náà lọ́wọ́ pé kí wọ́n kó àwọn tó jọra pọ̀, ó sì wo bí wọ́n ṣe pín in. Kò fún wọn ní ìlà tí ẹlòmíràn ti fà sílẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe pẹ̀lú koliko nìyẹn. Ẹ gbé oríṣi mẹ́ta mẹ́rin síwájú ènìyàn, ẹ jẹ́ kí ó jẹ ẹ́, kí ó pè é bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń pè é, kí ó sì kó àwọn ọ̀rọ̀ náà jọ fúnra rẹ̀. Ní Atakpamé, kò ní ṣòro. Mo gbọ́ ọ léraléra lórí bẹ́ǹṣì pé ẹni tí ó ń sọ Faransé láti ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, bí ó bá ti dé ibi ìdájọ́, yóò ki ideophone èdè ìyá rẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ẹ̀ka wa ti bá mi jiyàn lórí èyí. Ó ní bí òṣùwọ̀n kò bá jẹ́ ọ̀kan, kò sí ìfiwéra, bí kò bá sì sí ìfiwéra, ilé-ẹ̀kọ́ yẹn yóò yan ẹni tí ó bá wù wọ́n. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣe é dà nù. Mo gbà pé àwọn ìbéèrè kan wà tí a lè bi pòtétò àti iṣu láìṣe ojúsàájú: ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ òróró, ṣé inú rẹ̀ jinná, báwo ni yóò ṣe rí nígbà tí ọmọ bá fẹ́ jẹ ẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn nínú ìwé ìbéèrè wa.

Ìdájọ́ tèmi

Nítorí pé lámèyítọ́ tí kò dá ẹjọ́ kò pé, mo jẹ koliko níbi mẹ́ta àti pòtétò ilé oúnjẹ yẹn, ní ọjọ́ tó yàtọ̀ síra.

Ti Agbonou ni ó dára jù. Mo ti sọ bí ó ṣe ń gé e. Orí tín-ín-rín gbẹ táútáú, àárín rẹ̀ rọ̀ múlọ́múlọ́, òróró kò sì hàn lára bébà tí ó fi wé e àfi díẹ̀. Ti ẹ̀gbẹ́ ọjà pupa yípo bí ẹni pé wọ́n kùn ún, ó sì gba máàkì tó pọ̀ lórí doré. Òórùn òróró àná ni mo gbọ́ lára rẹ̀ kí n tó fi sẹ́nu. N kò jẹ ẹ́ tán.

Ẹ̀kẹta wà lójú ọ̀nà Kamina, níbi tí àwọn Jámánì kọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò ńlá wọn sí, tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn bà á jẹ́ ní August 1914. Òun ni ó dùn mí jù, mo sì ní lọ́kàn ìtumọ̀ dùn tó kẹ́yìn nínú èyí tí mo kà lókè. Ọ̀dọ́bìnrin tí ń dín in mọ iṣẹ́ rẹ̀. Iṣu rẹ̀ dára, òróró rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ó ń gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, dọ́gbadọ́gba, bíi frites. Ó ní àwọn ọmọ iléèwé ni wọ́n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn fẹ́ ẹ. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ó le koko, nítorí sítáàṣì iṣu a máa gan bí ó bá ń tutù, bí ó bá sì tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ kò sí àárín tí yóò rọ̀. Òun ni ó gba máàkì jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ìwé ìbéèrè wa. Òṣùwọ̀n náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọwọ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ mìíràn.

Ní ti pòtétò ilé oúnjẹ náà, ní gbígbóná ó dára, gbogbo máàkì rẹ̀ tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iléèwé kì í jẹ ẹ́ lẹ́bàá òróró. Inú ọ̀rá ni wọ́n ń dì í sí, wọn yóò gbé e dé ẹnu ọ̀nà iléèwé, ìsinmi á sì bá a níbẹ̀. Mo rà á ní àkókò yẹn gan-an: ooru inú ọ̀rá ti sọ ọ́ di omi padà, ó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Koliko náà kì í dúró bí ó ṣe jáde, kí a sọ òótọ́; ti Agbonou pàápàá ti ń le nígbà yẹn. Ohun tí ó yọ ọ́ ni ata, tòmátò, àlùbọ́sà àti ata gbígbóná tí wọ́n dín pọ̀, tí wọ́n ń bù lé e lórí. Ata ń rọ orí tó nípọn, ó sì ń jẹ́ kí a ṣì rí nǹkan rún ní orí kejì. Kò sí ìbéèrè kankan nípa ata nínú ìwé ìbéèrè náà, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹni tí mo rí ní Atakpamé tí ó jẹ koliko láìsí i.

Mo ti fi bébà tuntun ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ìbéèrè nípa òróró, nípa inú rẹ̀, nípa bí ó ṣe rí ní àkókò ìsinmi, àti nípa ata ni ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn tí ń jẹ ẹ́ fi pè é, àmì ohùn wọn pé. Wọ́n dáhùn pé bébà náà dára ṣùgbọ́n àwọn kò rí àròpọ̀ máàkì ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí n jọ̀wọ́ fi kún un. N kò tíì fi kún un.